Bí ojú ọ̀run ṣe ń ba fọ́tò ìlú jẹ́, àti ọ̀nà àbáyọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tó gbé kámẹ́rà láti ya àwòrán ìlú mu gan-an, nítorí eku méjì ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ kedere lókè. Èkejì ni ilẹ̀, ilé àti igi tí ìmọ́lẹ̀ tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá tẹ̀lé ti ọ̀run, ilẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá tẹ̀lé ti ilẹ̀, ọ̀run á funfun báláú bíi tákàdá tí wọn kò tíì kọ nǹkan kan sí. Bí kò bá sì mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀lé, ó lè pàdánù méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú Ìgbàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ohun tó ṣeé yà ní àyíká ibẹ̀, láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkukù, kò kéré. Òkè olókùúta wà níbẹ̀, ọ̀pẹ tó ga ju ilé lọ wà níbẹ̀, ilé alámọ̀ tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà náà ò gbẹ́yìn. Ojú irin gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Odò Ọ̀tìn tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ṣàn lọ, wọ́n sì ti sé e di adágún ńlá kan nítòsí Ìkìrun. Gbogbo èyí ló wà lábẹ́ ojú ọ̀run tó fẹ̀, tí ìrísí rẹ̀ ń yí padà láti oṣù kan sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú nílẹ̀ Yorùbá ló máa ń tẹ kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fi àwòrán ààfin, ọjà, ilé ìwé àti òkè ìlú sí. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní London tàbí ní Houston á gbé e kọ́ sára ògiri, á sì máa fi han àwọn ọmọ tí wọn kò débẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà jáde tán, tí òkè tó wà lẹ́yìn ààfin sì ti pòórá sínú funfun, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà mọ́. Ilé alámọ̀ tó dúró lónìí lè wó lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀. Igi ńlá tó wà ní oríta lè di pákó. Wọ́n lè fọ́ òkúta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Fọ́tò ló máa kù tí wọ́n á fi mọ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Òkukù ṣe oríire ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ibẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, ó sì kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ tó jáde ní 1991. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà lónìí, Stephen Sprague láti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ní 1975, àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì jáde ní 1978. Ohun tí Sprague tẹnu mọ́ jù ni fọ́tò ènìyàn: bí àgbà ṣe ń jókòó pẹ̀lú iyì níwájú kámẹ́rà, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́tò ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú. Àwọn ayàwòrán wa mọ iṣẹ́ fọ́tò ènìyàn dáadáa. Fọ́tò ilẹ̀ àti ọ̀run ló kù tí a kò tíì fún ní irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀.

Ojú ènìyàn yàtọ̀ sí ojú kámẹ́rà

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ni pé ojú wa máa ń tàn wá jẹ. Bí ènìyàn bá dúró níwájú ilé, tó ń wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán, ẹyinjú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bó bá wo ọ̀run, ihò ẹyinjú rẹ̀ á kéré sí i. Bó bá wo abẹ́ òrùlé, á tún fẹ̀ sí i. Ọpọlọ ló ń kó gbogbo ohun tó rí pọ̀, tó sì ń sọ fún un pé òun rí ọ̀run àti ilẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà kò ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń lajú, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan náà ló sì ń gbà fún òkè àti ìsàlẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀pù. Sítọ́ọ̀pù kan túmọ̀ sí ìlọ́po méjì. Bí ọ̀run bá fi sítọ́ọ̀pù 3 mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ìlọ́po 8 nìyẹn. Bó bá jẹ́ sítọ́ọ̀pù 5, ó ti di ìlọ́po 32. Nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ayàwòrán, tí ọ̀run sì mọ́ gaara, ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀, fọ́tò á sì jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá kọjú sí oòrùn, tàbí tí ìkùukùu funfun bo ojú ọ̀run, tí ohun tó fẹ́ yà sì wà lábẹ́ ibòòji, ìyàtọ̀ náà lè kọjá ohun tí kámẹ́rà lè gbà.

Ohun kejì ni pé kámẹ́rà kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í yà. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jáde. Nítorí náà, bí ọ̀run funfun bá gba ìdajì fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ilé tó wà nísàlẹ̀ á sì di dúdú. Bí igbó ṣíṣú bá ló gba èyí tó pọ̀ jù, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ọ̀run á sì di funfun báláú.

Ẹ wá wo bó ṣe máa ń rí bí ọba bá jókòó síwájú ààfin pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Agbádá funfun ń tàn, awọ ara dúdú, òrùlé ṣe ibòòji, ọ̀run sì tún wà lókè. Ohun mẹ́rin nìyẹn, olúkúlùkù ló sì ń béèrè ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù gan-an ti gbà pé ìṣòro wà níbẹ̀. Ní 2021 ni Google gbé ètò kan tí wọ́n pè ní Real Tone sínú fóònù Pixel 6, kí ó lè ya àwọ̀ ara àwọn ènìyàn dúdú bó ṣe rí gan-an.

Ìṣòro tó ti pẹ́

Kò sẹ́ni tó yẹ kó rò pé àìmọ̀ọ́ṣe tiwa nìkan ni. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dígí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò máa ń yára gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ju àwọn àwọ̀ yòókù lọ. Kó tó di pé ilẹ̀ hàn lórí rẹ̀, ọ̀run á ti pọ̀ lápọ̀jù. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀run fi ṣófo nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́. Irú dígí bẹ́ẹ̀ ṣì wọ́pọ̀ lóde nígbà tí àwọn bíi Neils Walwin Holm àti George Da Costa ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún náà.

Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n sí i ní 1856 àti 1857. Nígbà tó ń ya òkun, ó ya dígí kan fún ojú ọ̀run, ó ya òmíràn fún omi, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí tákàdá kan ṣoṣo níbi tí ọ̀run ti pàdé òkun. Ẹnu ya àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n rí ìkùukùu àti ìgbì omi pọ̀ nínú fọ́tò kan.

Ní Amẹ́ríkà, Ansel Adams gun òkè lọ ya òkúta Half Dome ní Yosemite lọ́dún 1927. Ó kọ́kọ́ fi fílítà yẹ́lò yà á, ó sì rí i pé ọ̀run kò ní ṣókùnkùn tó bó ṣe rí i lọ́kàn rẹ̀. Ó bá yọ ọ́, ó fi fílítà pupa sí i, ọ̀run sì ṣú dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn òkúta náà. Fílítà pupa kì í jẹ́ kí búlúù ráyè wọlé, ìyẹn ló ṣe rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ní 1941, ọkùnrin kan náà ń wakọ̀ lọ ní New Mexico nírọ̀lẹ́ nígbà tó rí òṣùpá tó yọ sókè ìletò Hernandez. Oòrùn fẹ́ wọ̀, kò sì rí ohun tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó rántí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, ó sì fi ìyẹn ṣe ìṣirò rẹ̀. Òṣùpá kò sọnù nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ apá ilẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ní láti fi kẹ́míkà fún apá ilẹ̀ nẹ́gétíìfù náà lókun. Ọ̀gá iṣẹ́ náà nìyẹn, síbẹ̀ kò rí méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti fíìmù bọ́ sí ti ìgbàlódé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn àgbà oníṣẹ́ fọ́tò wa rèé. Láyé fíìmù, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ibi tó ṣókùnkùn pàdánù ìmọ́lẹ̀. Ìdí ni pé bí nẹ́gétíìfù kò bá gba ìmọ́lẹ̀ rárá níbì kan, kò sí ohun tí wọ́n lè rí tẹ̀ jáde níbẹ̀. Ní ti ọ̀run tó gba ìmọ́lẹ̀ jù, ọ̀nà ṣì wà. Bí wọ́n bá wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, wọ́n á fi páálí bo apá ilẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí iná máa tàn sí apá ọ̀run nìkan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i títí ìkùukùu á fi hàn.

Kámẹ́rà ìgbàlódé àti fóònù ti yí èyí padà pátápátá. Nínú wọn, ọ̀run tó bá ti funfun kọjá ààlà ti lọ nìyẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè rí ìkùukùu tí kámẹ́rà kò gbà sílẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn ló ṣì ṣeé tún ṣe, nítorí wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ kún un lórí kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò rí ṣákaṣàka díẹ̀ bó bá ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń fi ọgbọ́n fíìmù lo kámẹ́rà tuntun á máa pàdánù ọ̀run lójoojúmọ́. Láyé ìsinsìnyí, ọ̀run ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò.

Ọ̀run tiwa, láti oṣù dé oṣù

Ìgbàyè wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí gan-an: ní oṣù kẹrin, àti ní ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, fọ́tò tí wọ́n bá yà láago kan ọ̀sán kì í dára. Abẹ́ òrùlé á ṣú, ihò ojú àwọn ènìyàn á ṣókùnkùn, páànù á sì máa kọ mànà.

Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run. Ọ̀run kì í ní búlúù, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sì máa ń pòórá. Ṣùgbọ́n eruku kan náà ló ń dín agbára oòrùn kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí ìyàtọ̀ àárín ọ̀run àti ilẹ̀ á fi dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀pẹ pẹ̀lú oòrùn rìbìtì lẹ́yìn rẹ̀, àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún un.

Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí òjò bá dá, afẹ́fẹ́ máa ń mọ́, òkè tó jìnnà á sì dà bíi pé ó sún mọ́ni. Ìkùukùu á tò jọ bí òwú. Irú ọ̀run bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà nínú kàlẹ́ńdà ìlú. Bí ìkùukùu bá ń kọjá lójú oòrùn, kí ayàwòrán ní sùúrù. Ìgbà kan ń bọ̀ tí oòrùn á ráyè tàn sórí ilé níwájú, tí ìkùukùu dúdú á sì wà lẹ́yìn. Nígbà náà, ilẹ̀ á mọ́lẹ̀ tó ọ̀run, iṣẹ́ á sì rọrùn.

Ọ̀nà àbáyọ

Àkọ́kọ́ ni àkókò, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, àti wákàtí kan kó tó wọ̀, ni kí ẹ jáde. Lágbègbè wa, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, àti aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ má sì lọ́ra, torí ilẹ̀ máa ń tètè ṣú nílẹ̀ wa bí oòrùn bá ti wọ̀.

Ìkejì ni ibi tí ẹ dúró sí. Bí ilé kan bá kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni kí ẹ yà á. Bó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ni. Bí ọ̀run bá ṣófo, ẹ dín in kù nínú fọ́tò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gba èyí tó pọ̀. Ẹ tún lè wá ẹ̀ka igi tó máa bo apá kan ọ̀run náà.

Ìkẹta, bó bá jẹ́ fóònù lẹ ń lò, ẹ fi ìka kan ojú ọ̀run lórí gíláàsì fóònù kí ẹ tó yà á. Fóònù á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ìkùukùu á sì hàn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n náà kò ní yí padà mọ́. Ètò HDR tó wọ iPhone ní 2010, tó sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù báyìí, ń ṣe irú ohun tí Le Gray ṣe: ó ń ya ju ẹyọ kan lọ, ó sì ń pa wọ́n pọ̀. Ó dára, àmọ́ bí ìmọ̀ ọ̀pẹ bá ń mì nínú afẹ́fẹ́ tàbí tí ènìyàn ń kọjá, wọ́n lè di méjì bí iwin nínú fọ́tò.

Ìkẹrin, ẹni tó bá ní kámẹ́rà ńlá lè ṣètò rẹ̀ kí ibi tó bá funfun jù máa ṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán. Bí ọ̀run bá ń ṣẹ́jú, kí ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, kí ó tún un yà. Kí ó sì fi fáìlì RAW pa á mọ́, nítorí ìyẹn ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju JPEG lọ.

Ìkarùn-ún ni fílítà tó dúdú lókè, tó mọ́ nísàlẹ̀. Ó wúlò níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, bí etí adágún odò Ọ̀tìn. Níbi tí òkè, òrùlé ààfin tàbí ọ̀pẹ bá yọ sókè wọ inú ọ̀run, fílítà náà á sọ orí wọn di dúdú pẹ̀lú. Níbẹ̀, ó sàn kí ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ya méjì, ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún ilẹ̀, kí ẹ sì pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá sì jẹ́ ènìyàn ló dúró níwájú, ẹ lo fíláàṣì lójú ọ̀sán gangan. Ọ̀pọ̀ rò pé òru nìkan ló wà fún.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀run àyálò

Àṣejù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ohun kan wà tí ojú máa ń tètè mọ̀: òjìji ọ̀run nínú omi kì í mọ́lẹ̀ ju ọ̀run fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sọ ọ̀run di dúdú títí omi fi mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ẹni tó bá wo fọ́tò náà á mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n lọ gbé ọ̀run ibòmíràn wá. Le Gray fúnra rẹ̀ lo ọ̀run kan náà fún òkun tó yàtọ̀ síra. Láti 2020 ni Photoshop ti ní ohun tó ń pààrọ̀ ojú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún ìpolówó ọjà, ó lè má jọ wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n fún fọ́tò tí àwọn ọmọ ìlú máa fi mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, irọ́ ni. Ọyẹ́ ní àwọ̀ tirẹ̀, òjò oṣù Keje náà ní tirẹ̀. Bí fọ́tò bá fi ọ̀run búlúù ilẹ̀ òkèèrè sórí Ìgbàyè ní oṣù Kìíní, ó ti parọ́ mọ́ ìlú náà. Ọ̀run funfun tó jẹ́ òtítọ́ sàn ju ọ̀run ẹlẹ́wà tó jẹ́ àyálò lọ.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà kí wọ́n tó wá ayàwòrán. Kí wọ́n fún un ní ọdún kan, kí ó lè ya ìlú nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí ayàwòrán náà kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ibi tó ti ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tọ́jú èyí tí kò tíì tún ṣe sí ibi méjì ó kéré tán. Kó tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ wo àwọn fọ́tò náà. Bí òkè ìlú kò bá hàn níbẹ̀, kí ó padà lọ yà á.